Ẹ Má Fi Àtẹ àti Ìwé Ìtọ́kasí Sílẹ̀ Di Alẹ́ Ọjọ́ Ìkẹyìn

Ìtòsí ọjà Ouando ni ìsọ̀ mi wà, ní Àjàṣẹ́ níbí, Porto-Novo ti Bénin. Kọ̀ǹpútà méjì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó máa ń wúkọ́ bí arúgbó lásìkò ọyẹ́, àga mẹ́ta. Bó bá ti kù díẹ̀ kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ dúró níwájú jury, àwọn olùkọ́ tó máa yẹ iṣẹ́ wọn wò, àga mẹ́ta yẹn kì í tó mọ́. "Tanti, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, ọ̀la ni mo fẹ́ fi sílẹ̀." Ọ̀la kẹ̀! Ojú-ìwé ọgọ́rin, àtẹ mẹ́tàdínlógún, ìwé ìtọ́kasí, ìyẹn àkójọ àwọn ìwé tí wọ́n lò, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ojú kàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dà á jọ sẹ́yìn mémoire, ìwé ìwádìí tí wọ́n fi ń parí ẹ̀kọ́ wọn.

Kétu ni wọ́n bí mi sí, Àjàṣẹ́ ni mo ti ń jẹun. Ó di ọdún méjìdínlógún tí mo ti ń tẹ mémoire fún ọmọ ọlọ́mọ. N kò jókòó ní kíláàsì yunifásítì rí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ mémoire ló ti padà wá bá mi pẹ̀lú bírò pupa olùkọ́ lára rẹ̀, mo sì ti mọ ibi tí bírò pupa máa ń pọ̀ sí. Kì í ṣe inú ọ̀rọ̀ gan-an. Inú àtẹ ni, àti ojú-ìwé mẹ́rin-márùn-ún tó kẹ́yìn. Ẹni tí wọ́n gbé mémoire mẹ́wàá kò lójú lọ́sẹ̀ kan, ibi tí ojú ti lè tètè mú àṣìṣe ló máa kọ́kọ́ ṣí. Àtẹ tí àròpọ̀ rẹ̀ kò pé, orúkọ tó wà nínú ọ̀rọ̀ tí kò sí lẹ́yìn: ìṣẹ́jú méjì ti tó láti rí ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni yóò wá máa fi ojú àṣìṣe wo gbogbo èyí tó kù.

Ìlànà ta ni?

Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ọmọ tó bá wọlé nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wọn á wò mí bí ẹni tí mo bi ní orúkọ ìyá tó bí bàbá ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ìlànà ìtọ́kasí náà kì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn tó ń kọ nípa ìtàn, èdè, ilẹ̀ àti àwùjọ, ìlànà CAMES ni wọ́n sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ wọn, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Bamako lọ́dún 2016. CAMES ni àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ gíga ní ilẹ̀ Áfíríkà tó ń lo èdè Faransé àti ní Madagásíkà. Ouagadougou ni ibùjókòó rẹ̀. Àwọn tó ń kọ nípa ìmọ̀ ọkàn, ìlera tàbí iṣẹ́ olùkọ́ a máa lo APA, ìlànà ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ọkàn ti Amẹ́ríkà, ẹ̀dà keje, tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2019. Olùdarí yín ló máa sọ èyí tó fẹ́. Ẹ béèrè kí ẹ tó kọ ojú-ìwé àkọ́kọ́, nítorí ẹni tó bá fi ìlànà méjì ṣe àpòpọ̀ ní ogójì ìtọ́kasí, òru mẹ́ta ni yóò fi tú u.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìwé kan ṣoṣo ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí Pierre Verger, ọmọ Faransé, kọ nípa òwò ẹrú láàárín etíkun wa níbí àti Bahia ní Brazil. Ọmọ Àjàṣẹ́ tó bá ń kọ nípa àwọn Àgùdà, àwọn ìdílé wa tó wá láti Brazil, kò lè ṣe kó má bá a pàdé. Bí CAMES ṣe fẹ́ ẹ rèé:

VERGER Pierre, 1968, *Flux et reflux de la traite des nègres entre le golfe de Bénin et Bahia de Todos os Santos, du XVIIe au XIXe siècle*, Paris, Mouton.

Bí APA ṣe fẹ́ ẹ rèé:

Verger, P. (1968). *Flux et reflux de la traite des nègres entre le golfe de Bénin et Bahia de Todos os Santos, du XVIIe au XIXe siècle*. Mouton.

Ẹ wò ó dáadáa. CAMES kọ orúkọ àpèlé ní kíkún, APA fi lẹ́tà kan ṣoṣo sílẹ̀. CAMES fi kọ́mà pín gbogbo nǹkan, APA fi àmì ìdúró pín in, ó sì ti ọdún sínú àkámọ́. CAMES fẹ́ mọ ìlú tí wọ́n ti tẹ ìwé náà. APA ti yọ ìlú kúrò nínú ẹ̀dà keje. Nínú ọ̀rọ̀, ibi tí ẹ bá ti yá ọ̀rọ̀ lò, CAMES á kọ (P. Verger, 1968, p. 12), pẹ̀lú lẹ́tà orúkọ àpèlé níwájú, APA á kọ (Verger, 1968, p. 12). Lẹ́tà P tó wà níwájú Verger yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wá bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ kan ti da ìlànà méjì pọ̀. Bó bá wà ní ojú-ìwé 9 tí kò sí ní ojú-ìwé 10, iṣẹ́ ti pọ̀ fún wa nìyẹn.

Àtẹ tí kò nílò agbẹnusọ

Ẹni tó bá ṣí mémoire yín sí ojú-ìwé tí àtẹ wà, tí kò ka ohunkóhun ṣáájú, ó gbọ́dọ̀ lè mọ ohun tí àtẹ náà ń sọ: nípa kí ni, níbo, lọ́dún wo, nǹkan wo la fi wọ̀n ọ́n. Àkọlé ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. "Àtẹ 4: Èsì ìwádìí" kì í ṣe àkọlé. Èsì wo? Ìwádìí ta ni? "Àtẹ 4: Iye ènìyàn tó ń gbé ní Bénin àti ní Àjàṣẹ́ nínú ìkànìyàn mẹ́ta, 1992 sí 2013", ìyẹn ni àkọlé.

Àkọlé àtẹ, òkè àtẹ ni à ń kọ ọ́ sí. Ti àwòrán ló ń dá ìjà sílẹ̀: ọ̀pọ̀ olùkọ́ wa fẹ́ ẹ nísàlẹ̀ àwòrán, APA ẹ̀dà keje sì ti gbé tiẹ̀ náà lọ sókè. Nínú APA, "Tableau 4" á dá wà lórí ìlà tirẹ̀ ní lẹ́tà tó dúdú, àkọlé á wà lábẹ́ rẹ̀ ní italique, ìyẹn lẹ́tà tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ mémoire tí mo ń tẹ̀ níbí, orí ìlà kan náà ni méjèèjì máa ń wà, tí àmì ìpín sì wà láàárín wọn.

Àtẹ tí mo ń sọ yẹn rèé, bí mo ṣe máa tò ó:

| Ọdún | Bénin | Àjàṣẹ́ |
|---|---:|---:|
| 1992 | 4 915 555 | 179 138 |
| 2002 | 6 769 914 | 223 552 |
| 2013 | 10 008 749 | 264 320 |

Ọdún ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn nọ́ńbà tí a fẹ́ fi wéra sì wà lórí ara wọn. Ojú ènìyàn a máa yára fi nọ́ńbà wéra bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ju bó bá ń rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo nọ́ńbà tì sí, kí ẹyọ lè wà lábẹ́ ẹyọ, kí ẹgbẹ̀rún lè wà lábẹ́ ẹgbẹ̀rún. Àárín ni àwọn ọmọ fẹ́ràn láti máa kó nọ́ńbà sí, pé ó rẹwà. Kò rẹwà. Bí 10 008 749 bá wà láàárín tí 179 138 náà sì wà láàárín, ẹni tó ń kà á á máa wá ibi tí ẹgbẹ̀rún ti bẹ̀rẹ̀.

Àlàfo la fi ń pín ẹgbẹ̀rún ní Faransé, kọ́mà la sì fi ń ya ìdá sọ́tọ̀: 18,2, kì í ṣe 18.2. Ọmọ tó bá gba nọ́ńbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, tó sì kó o wọlé bó ṣe wà, yóò ní 10,008,749 ní ìlà kan, 18.2 ní ìlà kejì, àti 24,8 ní ìlà kẹta. Mo ti rí i. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti àlàfo pa pọ̀ láti fi àlàfo sáàárín nọ́ńbà, kí kọ̀ǹpútà má baà já 10 sí ìparí ìlà kan kó sì gbé 008 749 lọ sí ìlà tó tẹ̀ lé e.

Iye nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn kọ́mà gbọ́dọ̀ dọ́gba nínú òpó kan. Láti 2002 sí 2013, Àjàṣẹ́ fi 18,2 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, Bénin lápapọ̀ sì fi 47,8 pọ̀ sí i. Bí mo bá kọ 18,24 síbí tí mo wá kọ 48 sọ́hùn-ún, ẹni tó ń kà á á rò pé ìwọ̀n méjì ni mo lò. Ẹ tún wò ó: ohun méjì yìí, gbólóhùn kan ti sọ wọ́n tán. Nọ́ńbà méjì tàbí mẹ́ta kò nílò àtẹ. Ọmọbìnrin kan ṣe àtẹ fún "Bẹ́ẹ̀ ni: 61, Bẹ́ẹ̀ kọ́: 39". Mo ní kó pa á rẹ́, kó kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀. Ó bínú díẹ̀ nítorí ó fẹ́ kí àtẹ rẹ̀ pé ogún.

Ní ti ìlà: Word máa ń fún àtẹ ní ìlà òòró àti ìlà ìbú yíká bí fèrèsé onírin. APA kò fẹ́ ìlà òòró rárá. Ìlà ìbú mẹ́ta ti tó: ọ̀kan lókè, ọ̀kan lábẹ́ orí òpó, ọ̀kan nísàlẹ̀ pátápátá. Àwọn olùkọ́ kan ní Bénin níbí ṣì fẹ́ràn fèrèsé onírin wọn, ẹ má bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè yan, ẹ yan ìlà mẹ́ta. Ẹ má sì kun inú àtẹ ní búlúù àti pupa. Ẹ̀rọ ẹ̀dà tí ẹ máa lò kò ní àwọ̀, búlúù á di eérú, nọ́ńbà á sì rì sínú rẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi jù ni kí ènìyàn ya àwòrán àtẹ láti inú Excel, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ mémoire bíi fọ́tò. N kò lè tún un ṣe. Olùkọ́ kò lè tún un ṣe. Bí wọ́n bá ní "ẹ yí 39 padà sí 38", ẹ máa padà sí kọ̀ǹpútà tí ẹ ti kọ́kọ́ ṣe é, bí ẹni tó ni ín kò bá tíì rìnrìn àjò.

Abẹ́ àtẹ

Àtẹ kì í parí síbi tí nọ́ńbà parí sí. Orísun gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Fún àtẹ ìkànìyàn tó wà lókè yẹn, INSAE, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìṣirò, ló ka ènìyàn láwọn ọdún yẹn, nítorí náà INSAE ni a ó kọ síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìkànìyàn àti ọdún. Fún ìwádìí tí ẹ fúnra yín ṣe, gbogbo ayé ń kọ "Source : enquête de terrain", wọ́n á sì dákẹ́. Ọdún dà? Oṣù dà? Ẹ kọ ọ́ pọ̀.

Bí lẹ́tà ìkékúrú bá wà nínú àtẹ, abẹ́ àtẹ náà lẹ ti máa túmọ̀ rẹ̀, bí ẹ tilẹ̀ ti túmọ̀ rẹ̀ ní ojú-ìwé 5. Bí àyè kan bá ṣófo, ẹ fi àmì sí i kí ẹ sì sọ ohun tí àmì náà túmọ̀ sí. Òdo àti òfìfo kì í ṣe ọ̀kan náà: òdo ni pé a kà á, a kò rí ọ̀kankan, òfìfo ni pé a kò kà á rárá.

Ọmọkùnrin kan ṣe ìwádìí lórí àwọn obìnrin tó ń ta gàrí. Ó kọ sókè àtẹ pé ènìyàn 120 ni òun bi léèrè. Ẹ ro òpó ọjọ́ orí pọ̀, 118 ni. Èmi kò rò ó, òun náà kò rò ó. Ọ̀kan lára jury ló rò ó, níwájú ìyá rẹ̀ tó wọ aṣọ tuntun wá. Ọmọ náà kò parọ́ o. Obìnrin méjì ló kọ̀ láti sọ ọjọ́ orí wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni obìnrin ọjà rí. Gbólóhùn kan lábẹ́ àtẹ, "Ènìyàn méjì kò sọ ọjọ́ orí wọn", ì bá ti gbà á là. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀rọ ìṣírò wà lórí tábìlì mi, kò sí àtẹ tó ń kọjá tí n kò rò pọ̀, bí wọn kò tilẹ̀ sanwó ìyẹn fún mi.

Ohun tí ẹ bá kọ sínú ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ bá ti inú àtẹ mu. Ọmọ ìlú mi kan kọ nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Nínú ọ̀rọ̀, ó ní ọdún 2001 ni UNESCO gbà á. Nínú àtẹ, ó kọ 2008. Méjèèjì ló rí bẹ́ẹ̀: 2001 ni wọ́n kéde rẹ̀, 2008 ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ á ní ó ṣì í kọ. Ẹ sọ èyí tí ọdún kọ̀ọ̀kan jẹ́.

Ẹ má kọ "àtẹ tó wà nísàlẹ̀ yìí" láé. Ẹ fi ìpínrọ̀ kan kún òkè, àtẹ náà á ti bọ́ sí ojú-ìwé kejì, kò sí nísàlẹ̀ mọ́. Nọ́ńbà rẹ̀ ni kí ẹ pè, kí ẹ sì pè é kó tó jáde. Ẹ má fi ọwọ́ tẹ nọ́ńbà náà. Ẹ lọ sí Références, ẹ tẹ « Insérer une légende », Word á máa kà á fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá yọ àtẹ 3 kúrò, ẹ tẹ Ctrl àti A, lẹ́yìn náà F9, gbogbo rẹ̀ á tún ara rẹ̀ kà. Inú Références náà lẹ ti máa rí ohun tó ń to àkójọ àtẹ fún iwájú mémoire.

Bí àtẹ bá gùn ju ojú-ìwé kan lọ, ẹ tẹ orí rẹ̀, ẹ lọ sí « Répéter les lignes d'en-tête », kí orúkọ òpó lè tún jáde ní ojú-ìwé kejì. Bó bá fẹ̀ jù, ẹ da ojú-ìwé náà dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi « saut de section » sí iwájú àti sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí gbogbo mémoire má baà dùbúlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bó bá ṣì fẹ̀ jù, àtẹ méjì ni.

Bírò pupa àti bírò búlúù

Ó wá kan ìwé ìtọ́kasí. Ojú-ìwé tuntun ló ń bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ ìtọ́kasí kọ̀ọ̀kan á jáde dé etí, ìyókù á wọ inú díẹ̀. 1,27 cm ni APA sọ. Ẹ má fi àlàfo tì í o! Ẹ kó gbogbo rẹ̀ dúdú, ẹ ṣí « Paragraphe », ẹ yan « Suspendu » tàbí « Négatif », ó kù sí ẹ̀dà Word yín. Ó tán.

Ohun tó gba àkókò ni kí ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ bá ohun tó wà lẹ́yìn mu. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé, n kò sì tíì rí ọ̀nà tó dára jù ú lọ. Mo máa tẹ mémoire náà jáde lórí bébà tí a ti lo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo máa já àwọn ojú-ìwé ìtọ́kasí kúrò, mo tò wọ́n sí apá òsì. Mo máa ka ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ibi tí orúkọ àti ọdún bá ti jáde, mo fi bírò búlúù fàlà sí i lábẹ́, mo sì wá a lọ ní apá òsì. Bó bá wà níbẹ̀, tí ọdún sì bá ara mu, mo sàmì búlúù sí i. Bí kò bá sí, tàbí tí ọdún yàtọ̀, bírò pupa. Nígbà tí mo bá ka ọ̀rọ̀ tán, mo wo apá òsì: èyí tí kò ní àmì búlúù kankan, a jẹ́ pé wọ́n kò lò ó níbì kankan. Ìyẹn náà, pupa.

Èyí tó kẹ́yìn yìí máa ń dun àwọn ọmọ. "Tanti, ṣùgbọ́n mo ka ìwé yẹn." Nínú APA, ohun tí o lò nínú ọ̀rọ̀ nìkan ló ń wọ ìwé ìtọ́kasí, kì í ṣe gbogbo ohun tí o kà láyé rẹ. Bí olùdarí yín bá ní òun fẹ́ bibliographie tó gbòòrò, ìyẹn yàtọ̀, ẹ béèrè.

Mémoire ojú-ìwé ọgọ́rin gba wákàtí mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Ẹ lè ṣe é fúnra yín, ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ kan: ọ̀kan á máa pe orúkọ, èkejì á máa wá a. Á yára jù bẹ́ẹ̀.

Orúkọ àwọn ènìyàn wa

Ibí yìí ni àwọn ìwé ìtọ́ni tó ti òkè òkun wá kì í dé. Àjàṣẹ́ kún fún àwọn ìdílé Àgùdà: de Souza, d'Almeida, da Silva. Abẹ́ lẹ́tà wo ni a ó tò wọ́n sí? Ọmọ kan á to ọ̀kan sábẹ́ S, á to èkejì sábẹ́ D. Ní Brazil, S ni wọ́n á wá a sí. Níbí, "de Souza" lódindi ni orúkọ ìdílé. Bí ẹni tó ni ín bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀, D ni. Bí ẹni náà ṣe ń kọ orúkọ ara rẹ̀ ni kí ẹ wò, kí ẹ sì ṣe é bákan náà fún gbogbo wọn.

Ìṣòro kejì ni èyí tí à ń pè ní orúkọ àti èyí tí í ṣe orúkọ ìdílé. Ní iléèwé wa, orúkọ ìdílé ló máa ń ṣíwájú, ní lẹ́tà ńlá. Ní Nàìjíríà, ẹ̀yìn ló sábà máa ń wà. Ọmọ tó bá da ìwé Ìbàdàn pọ̀ mọ́ ìwé Cotonou láì fiyè sí i, á to ènìyàn méjì-mẹ́ta sábẹ́ orúkọ àbísọ wọn. Verger fúnra rẹ̀ máa ń dà wọ́n láàmú. Kétu wa ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ nífá lọ́dún 1953 tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí, ó sì fi orúkọ náà sí ara àwọn ìwé rẹ̀ kan. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kọ "Fatumbi, P. V." sábẹ́ F tí wọ́n sì tún kọ "Verger, P." sábẹ́ V, bí ẹni pé èèyàn méjì ni. Verger ni orúkọ ìdílé. Abẹ́ V ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, èyí tó ti pẹ́ jù níwájú.

Ẹ̀kẹta ni lẹ́tà. Ní Bénin, ɛ àti ɔ ni wọ́n ní ká fi kọ èdè wa. Ní Nàìjíríà, ẹ àti ọ ni. Bí àkọlé ìwé kan bá wà lọ́wọ́ yín, bó ṣe wà lẹ́yìn ìwé ni kí ẹ kọ ọ́. Ẹ má sọ ẹ di ɛ nítorí pé ọmọ Bénin ni yín, ẹ má sì bọ́ àmì sọnù nítorí pé ẹ kò rí i lórí kíbọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá sì ní kí Word to orúkọ fún yín, ẹ fi ojú yín tún un yẹ̀ wò, nítorí lẹ́tà tó ní àmì lè sá lọ síbi tí kò yẹ.

Bàbá kan ní Kétu

Ọmọ tó kọ nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yẹn bi àwọn àgbà mẹ́rìnlá léèrè ọ̀rọ̀, ó sì ṣiṣẹ́ gan-an. Nígbà tí mo wá dé ibi ìtọ́kasí, mo rí: "Bàbá kan, Kétu, 2022." Bàbá kan! Ìlú tí bàbá kún inú rẹ̀! Bí ìwé bá ní orúkọ, ọdún àti ìlú, kí ló dé tí ẹni tó jókòó wákàtí méjì tó ń sọ ìtàn fún ọ kò ní ní tirẹ̀?

Àwọn tó ń kọ ìtàn máa ń ṣe àtẹ ọ̀tọ̀ fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí, wọ́n ń pè é ní « sources orales », ó sì máa ń ṣáájú àwọn ìwé. Orúkọ, ọjọ́ orí, oyè tàbí iṣẹ́, ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀, ọjọ́ tí ẹ sọ ọ́. Èmi a máa ní kí wọ́n fi èdè tí wọ́n fi sọ̀rọ̀ kún un, torí bí bàbá náà bá sọ ọ́ ní Yorùbá tí ẹ kọ ọ́ ní Faransé, ẹ̀yin lẹ túmọ̀ rẹ̀. Bí ọjọ́ orí kò bá dájú, ẹ kọ "bí ọgọ́rin ọdún", kò sí ìtìjú níbẹ̀. APA kò fẹ́ àtẹ yẹn ní tirẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹ sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ nìkan, kí ẹ má sì mú un dé ìwé ìtọ́kasí rárá. N kò fẹ́ràn ìlànà yẹn, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni jury.

Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Bí àgbà kan bá ní kí ẹ má dárúkọ òun, ẹ fún un ní nọ́ńbà, ẹ sì sọ lábẹ́ àtẹ ìdí tí nọ́ńbà fi wà níbẹ̀.

Òfin, íntánẹ́ẹ̀tì, àti ìwé tí kò sí

Òfin máa ń ní apá tirẹ̀. Nọ́ńbà àti ọjọ́ rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀: Loi n° 90-32 du 11 décembre 1990 ni òfin ìpìlẹ̀ wa, Loi n° 2019-40 du 7 novembre 2019 sì wà lára àwọn tó tún un ṣe. Ẹni tó bá kọ ti àkọ́kọ́ nìkan nígbà tó ń sọ̀rọ̀ nípa òde òní, wọ́n á bi í.

Àpilẹ̀kọ tó bá ní DOI, ìyẹn nọ́ńbà tó ń gbé ènìyàn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ ọ́ bí ojú ọ̀nà tó pé, https://doi.org/ ló ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ rí i bó ṣe ń ṣí. Èyí ti wá ṣe pàtàkì ju ti àtijọ́ lọ. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọ kan gbé ìtọ́kasí ọgbọ̀n wá, ó mọ́ tónítóní, kọ́mà kọ̀ọ̀kan wà ní àyè rẹ̀. Ó mọ́ jù. Mo tẹ DOI márùn-ún, mẹ́ta kò gbé mi dé ibì kankan. Ó ní ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè lórí fóònù ló bá òun kó wọn jọ. Ẹ̀rọ yẹn lè hun orúkọ, ọdún àti àkọlé pọ̀ fún ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí. Ìtọ́kasí tí ẹ kò bá fi ojú ara yín rí ìwé rẹ̀, ẹ yọ ọ́.

Zotero, ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá ènìyàn to ìtọ́kasí, dára, ọ̀fẹ́ ni, láti ọdún 2006 ló ti wà. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá fún un jẹ ló máa pọ̀ jáde: bí orúkọ bá wọlé ní ìdàkejì, á jáde ní ìdàkejì ní ogún ibi. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ẹ ń kó o wọlé.

Kí ẹ tó gbé clé USB yín wá sọ́dọ̀ mi, ẹ sọ mémoire náà di PDF, kí ẹ sì gbé Word rẹ̀ náà dání. Bí kọ̀ǹpútà mi kò bá ní irú lẹ́tà tí ẹ lò, ɛ àti ẹ lè di àpótí kékeré, àtẹ á sì sún. Ojú-ìwé tí àtẹ tó fẹ̀ jù wà lórí rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ jáde, òun nìkan. Bí òpó tó kẹ́yìn bá gé sétí ìwé, ẹ padà sílé, ẹ tún un ṣe, ẹ padà wá lọ́jọ́ kejì. Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ni mo máa ń ṣí. Ní Jímọ̀, ó di ẹ̀yìn ìrun.